Ajá Kékeré Inú Ilé, àti Bí A Ṣe Ń Tọ́jú Rẹ̀

Àwọn bàbá wa ní ilẹ̀ Yewa kì í sin ajá lásán. Ọdẹ ń sin ín nítorí igbó, àgbẹ̀ ń sin ín nítorí ọ̀yà tí ń jẹ oko, àwọn mìíràn sì ń sin ín de ọjọ́ tí wọn yóò bọ Ògún. Ajá tí a ń gbé lé itan bí ọmọ tuntun, tí a ń wọ̀ láṣọ nígbà ọyẹ́, kò sí nínú ìṣirò wọn. Ṣùgbọ́n ayé ń yí. Láti ọdún 2012 tí ilé-iṣẹ́ sìmẹ́ńtì Dangote ti ń ṣiṣẹ́ ní Ìbèsè, àlejò láti ọ̀nà jíjìn ń wá sí agbègbè wa, àwọn ọmọ wa pẹ̀lú sì ń lọ, wọ́n ń bọ̀ láti Èkó, níbi tí ajá kéékèèké ilẹ̀ òkèèrè ti di ọjà títà. Bí ọmọ yín bá gbé ọ̀kan wálé ní ìgbà Kérésìmesì, tí ó sì padà sí ẹnu iṣẹ́ rẹ̀, ọwọ́ ta ni ajá náà yóò kù sí bí kò ṣe ọwọ́ ìyá àgbà àti àwọn ọmọdé ilé? Àwọn ni a ń bá sọ̀rọ̀.

Èyí tí ó kéré jù lọ nínú wọn ni a ń pè ní Chihuahua, orúkọ ìpínlẹ̀ kan ní ilẹ̀ Mẹ́síkò tí ó ti wá. Bí ó ti wù kí ó dàgbà tó, kì í sábà wúwo ju kílò 3 lọ, àkùkọ tí a bọ́ yó sì lè wúwo tó bẹ́ẹ̀. Ẹ ó rí lára rẹ̀ ohun tí ẹ mọ̀ lára ọmọ ọwọ́, èyíinì ni àwùjẹ̀. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ni a ń bí pẹ̀lú rẹ̀, ti àwọn mìíràn kì í sì í dí títí ayé wọn. Nítorí náà, ìgbátí tí ajá ọdẹ yóò gbà tí yóò sì kàn gbọn etí nù lè pa èyí. Ẹsẹ̀ rẹ̀ tẹ́ẹ́rẹ́. Bí ó bá bọ́ lọ́wọ́ ọmọ tí ó dúró, tàbí tí ó fò sílẹ̀ láti orí bẹ́ẹ̀dì, ó lè kán. Kí ọmọdé kọ́kọ́ jókòó sí ilẹ̀ kí a tó gbé e fún un. Ọ̀nà èémí rẹ̀ pẹ̀lú kò le, nítorí náà kí a má ṣe so okùn mọ́ ọn lọ́rùn. Okùn tí ó gba àyà àti abẹ́ apá ni ó yẹ ẹ́. Ẹ̀mí irú ajá yìí a sì máa gùn, ó lè lo ọdún 14 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Kí ẹni tí yóò rà á ka iye ọdún wọ̀nyí mọ́ owó rẹ̀. Ní tiwa, a kò lè gba ẹnikẹ́ni níyànjú pé kí ó fi owó ilé-ìwé ọmọ ra ajá.

Ohun tí ń tètè pa wọ́n ní kékeré ni ebi, kì í sì í ṣe ebi ọjọ́ mẹ́ta. Ẹ wo ìkòkò kékeré àti ìkòkò ńlá tí a sọ̀ kalẹ̀ lórí iná lẹ́ẹ̀kan náà: kékeré ni yóò kọ́kọ́ tutù. Bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́ ni ara kékeré ṣe ń pàdánù ooru rẹ̀ kánkán, tí oúnjẹ inú rẹ̀ sì ń tètè tán. Ọmọ ajá yìí tí kò tíì pé oṣù 4, ìgbà 4 lójúmọ́ ni kí ó máa jẹun, ní díẹ̀díẹ̀. Bí ìdílé bá jáde lọ sí ìsìn ní òwúrọ̀ Ọjọ́ Ìsinmi láì fún un ní nǹkan kan, wọ́n lè dé ní ọ̀sán kí wọ́n bá a tí ó ń gbọ̀n, tí ó ń ta gọ́ọ̀gọ́ọ̀ bí ọ̀mùtí, tàbí tí ó ti dákú. Wọn yóò máa fura sí aládùúgbò pé ó fún un ní májèlé, bẹ́ẹ̀ ni ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ni ó lọ sílẹ̀. Kí a fi ìka kó oyin díẹ̀, kí a fi í pa erìgì rẹ̀. Kí a má ṣe dà á sí i lọ́fun, nítorí ẹran tí ó dákú kò lè gbé nǹkan mì, yóò sì wọ inú ẹ̀dọ̀fóró. Kí a fi aṣọ wé e, kí a sì gbé e lọ sọ́dọ̀ dókítà ẹran, bí ó tilẹ̀ ti jí. A kò wí pé kí ẹnikẹ́ni torí ajá pa ìsìn jẹ. Kí a bọ́ ọ kí a tó ti ilẹ̀kùn ni à ń wí.

Èérún abẹ́ tábìlì tí a ń kà nípa rẹ̀ nínú Ìhìnrere Mátíù, búrẹ́dì ni; èyí tí ń bọ́ láti orí tábìlì tiwa ní àlùbọ́sà nínú. Àlùbọ́sà àti aáyù a máa ba ẹ̀jẹ̀ ajá jẹ́. Ìwọ̀n tí ajá ńlá yóò jẹ tí a kò ní fi mọ̀ ọ́n lára lè pọ̀ jù fún ẹran kílò 2. Bákan náà ni kòkó tí a sá sí ẹ̀yìnkùlé, àti ṣokoléètì tí a fi í ṣe. Eegun adìẹ tí a ti sè a máa fọ́ ṣóńṣó, a sì máa gún ìfun. Ìrẹsì pẹ̀lú ẹyin, ẹja tí a yọ egun rẹ̀, tàbí ẹran tí kò ní ata dára fún un. Oògùn eku àti oògùn apakòkòrò oko, kí a gbé wọn sí ibi gíga. Kí a má sì ṣe fi oògùn oko tàbí kẹrosíìnì pa á lára nítorí eégbọn, ọwọ́ ni kí a fi máa já a, kí a sì béèrè oògùn tí ó yẹ lọ́wọ́ dókítà.

Èyí tí ó wúwo jù ni àrùn dìgbòlugi. Ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé ajá orí ààtàn nìkan ni í ní in, wọ́n sì ń wí pé ajá tí ń sùn lórí tìmùtìmù kò nílò abẹ́rẹ́. Ìrọ̀lẹ́ kan tí a gbàgbé láti ti géètì tó fún un láti jáde kí ajá ìta sì bù ú jẹ. Ní tòótọ́, kíkéré rẹ̀ ni ó mú kí ewu rẹ̀ fara sin. Ojú eyín rẹ̀ kò ju ojú ibi tí ẹ̀gún ti gún ènìyàn lọ. Ìyá ọmọ yóò fi òróró pa á, yóò ní eré ni ajá ń ṣe. Bákan náà, ajá ọdẹ sábà máa ń bu ẹsẹ̀ ènìyàn jẹ, ṣùgbọ́n ajá yìí ni à ń gbé súnmọ́ ojú, tí ọmọdé ń fi ẹnu kò lẹ́nu. Kòkòrò àrùn yìí kì í gba inú ẹ̀jẹ̀. Ó ń gba inú iṣan tí ń jíṣẹ́ fún ọpọlọ, ọ̀nà kò sì jìn láti ẹ̀rẹ̀kẹ́ dé ọpọlọ. Ó sábà máa ń tó oṣù 2 tàbí 3 kí àìsàn tó fara hàn, ó sì lè yá ju bẹ́ẹ̀ lọ. Nígbà tí omi bá ti ń ba aláìsàn lẹ́rù, kò sí oògùn tí a lè gbẹ́kẹ̀ lé mọ́, ì báà ṣe ti òyìnbó, ì báà ṣe ti ìbílẹ̀. Àjọ Ìlera Àgbáyé sọ pé nínú 100 ènìyàn tí ẹran tí a fura sí bá bù jẹ, 40 ni ọmọ tí kò tíì pé ọdún 15.

Nítorí náà, bí eyín ajá bá ti kan ara ọmọ, bí ó ti wù kí ó kéré tó, kí a fi ọṣẹ àti omi tí ń ṣàn fọ ojú ibẹ̀ fún ìṣẹ́jú 15, kí a wo aago. Kí a má fi ata, epo, tàbí irun ajá náà sí i. Kí a lọ sí ilé ìwòsàn ní ọjọ́ náà gan-an, kí a sì gba gbogbo abẹ́rẹ́ tí dókítà bá kà fún wa, kí a má ṣe dúró lẹ́yìn ẹ̀kíní nítorí pé egbò ti jinná. Kí a má sì ṣe sáré pa ajá náà. Kí a so ó, kí a máa wò ó fún ọjọ́ 10. Bí ara rẹ̀ bá dá ṣáṣá títí ọjọ́ wọ̀nyí fi pé, dókítà yóò mọ bí yóò ti ṣe ìyókù abẹ́rẹ́.

Ní ọjọ́ 6 oṣù Keje ọdún 1885 ni Louis Pasteur kọ́kọ́ fi irú ìtọ́jú yìí gba ọmọ ọdún 9 kan là ní Paríìsì, Joseph Meister, ẹni tí ajá bù jẹ. Ní Nàìjíríà, ilé-iṣẹ́ ìwádìí àrùn ẹran tí a dá sílẹ̀ ní Vom ní ọdún 1924 ń ṣe abẹ́rẹ́ àjẹsára ti ajá. Nígbà tí ọmọ ajá bá pé oṣù 3 ni a ń gún un, a ó sì máa tún un gún lọ́dọọdún. Ẹ béèrè lọ́wọ́ dókítà ẹran ti ìjọba ìbílẹ̀ ní Ayétòrò, tàbí ní ilé ìwòsàn ẹran ti Yunifásítì Iṣẹ́ Àgbẹ̀ ní Abẹ́òkúta. Ajá tí a rà láìsí káàdì, kí a kà á sí èyí tí a kò gún rí, ohun yòówù kí olùtà wí.

Ẹ fi yẹ́ǹkì sàmì sí ọjọ́ 28 oṣù Kẹsàn-án nínú álímánáàkì yìí. Ọjọ́ náà ni Pasteur kú ní ọdún 1895, òun ni a sì ń fi ṣe Ọjọ́ Dìgbòlugi Àgbáyé, nígbà tí a máa ń gún ajá lọ́fẹ̀ẹ́ ní ibòmíràn. Káàdì tí wọ́n bá fún yín, ẹ fi í sínú àpótí kan náà tí ìwé ìsàmì àwọn ọmọ wà.