Àjà Ló Lẹrù: Ẹ̀rù àti Ìgbèjà Ara Ẹni

Ìwé tí a fẹ́ yẹ̀ wò ní ìrọ̀lẹ́ yìí ni Àjà Ló Lẹrù, tí Ọládẹ̀jọ Òkédìjí kọ, tí ó sì jáde ní ọdún 1969. Òkè àjà ni à ń kó ẹrù pamọ́ sí. Ẹni tí ó dúró nísàlẹ̀ kò lè mọ ohun tí ó wà níbẹ̀. Ọ̀nà tí òǹkọ̀wé gbà ń dẹ́rù bà wá gan-an nìyẹn. (Ẹ má jẹ́ kí ohùn ṣì yín lọ́nà: ẹrù ni ti àjà, ẹ̀rù ni tiwa.) Nígbà tí Fágúnwà gbé Ògbójú Ọdẹ jáde ní 1938, inú igbó ni ẹ̀rù ń gbé. Òkédìjí kó o wọ ìgboro, ó fi í sínú mọ́tò, ó fi í sẹ́yìn ilẹ̀kùn. Èyí burú ju iwin lọ. A lè pinnu pé a kò ní wọ igbó, ṣùgbọ́n ta ni kò ní sùn nílé?

Lápàdé, olú ẹ̀dá ìtàn, ti ṣe ọlọ́pàá rí. Ó ti kúrò lẹ́nu iṣẹ́, síbẹ̀ ó ń lépa ọ̀daràn kiri. Ó mọ ìjà, ó mọ òwe, ó mọ ẹ̀fẹ̀. Kíkà rẹ̀ dùn púpọ̀. Ṣùgbọ́n ṣé ó yẹ kí á ṣe bíi tirẹ̀?

Ẹ rántí àsìkò náà. Ogun abẹ́lé ń lọ lọ́wọ́. Nígbà tí ó parí ní 1970, ìjọba ológun ṣe òfin pé ẹni tí ó bá gbé ìbọn jalè, ikú ni èrè rẹ̀. Ní oṣù kẹsàn-án 1971 ni wọ́n yìnbọn pa Ìṣọ̀lá Oyènúsì ní etíkun Bar Beach, níṣojú ọ̀pọ̀ èrò. Ìwé yìí ti ṣáájú gbogbo èyí.

Òfin ìwà ọ̀daràn tí à ń lò ní ìhà gúúsù gbà kí ẹni tí a kọlù láìjẹ́ pé òun ló tọ́ ìjà gbèjà ara rẹ̀, níwọ̀n tí ó tó láti dá ewu dúró. Ṣùgbọ́n bí olè bá ti ń sá lọ, tí a lé e bá, tí a lù ú pa, ìyẹn kì í ṣe ìgbèjà mọ́. Lápàdé kì í fi bẹ́ẹ̀ bìkítà fún irú ààlà báyìí, òǹkọ̀wé sì ń yọ ọ́ nínú ewu. Kò sí òǹkọ̀wé tí yóò yọ àwa. Ẹni tí ó bá fẹ́ mọ ibi tí ó tún yọjú sí, kí ó wá Àgbàlagbà Akàn ti 1971.