Eré Sísá Lẹ́yìn Àìsàn Ọkàn: Ẹ̀kọ́ fún Ilé àti Ilé-Ẹ̀kọ́

Nínú àwọn ọjọ́ tí ó dùn mọ́ wa jù nígbà tí a wà ní akẹ́kọ̀ọ́, ọjọ́ ìdíje eré sísá kì í gbẹ́yìn. Àsíá ilé kọ̀ọ̀kan a máa fẹ́ lẹ́lẹ́ nínú afẹ́fẹ́ ọ̀sà Àgbádárìgì, àwọn òbí a sì máa pàtẹ́wọ́. Ṣùgbọ́n ọmọ kan a máa wà tí kò lè sáré yí pápá po lẹ́ẹ̀kan kí ó tó jókòó, tí yóò máa mí hẹlẹhẹlẹ. Àwa ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ a máa pè é ní ọ̀lẹ. Nísinsìnyí tí a ti di òbí, ó yé wa pé ó ṣeé ṣe kí ó jẹ́ pé àìsàn ni ó ń ṣe irú ọmọ bẹ́ẹ̀.

Ọkàn tí à ń sọ yìí kì í ṣe èyí tí a fi ń gbàgbọ́. Ẹran ara ni, kò ju ìkúùkù ẹni tí ó ni ín lọ, ó sì ní yàrá mẹ́rin àti ìlẹ̀kùn mẹ́rin. Nǹkan bí ìgbà 100,000 ni ó ń lù lójúmọ́ láti ti ẹ̀jẹ̀ káàkiri ara. Àwọn ìlẹ̀kùn náà ni kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ padà sẹ́yìn. Bí ọ̀kan nínú wọn kò bá ṣí tán, tàbí tí kò pa dé dáadáa, iṣẹ́ ọkàn yóò di ìlọ́po. Ẹni tí ó jókòó lè má mọ̀ rárá; eré sísá ni ó sábà máa ń tú àṣírí.

Àwọn ọmọ kan gbé àléébù yìí wá láti inú ìyá wọn. Àwọn mìíràn kó o láti ara ọ̀fun dídùn tí a kò tọ́jú, nítorí irú kòkòrò kan tí ń fa ọ̀fun dídùn lè mú kí ara ọmọ dojú ìjà kọ ọkàn ara rẹ̀. Pẹnisílíìnì tí dókítà bá kọ lásìkò lè dènà rẹ̀. Ní ti àwa àgbà, ẹ̀jẹ̀ ríru ni ọ̀tá ńlá, nítorí kì í kanlẹ̀kùn kí ó tó wọlé.

Ìtàn méjì tí gbogbo wa mọ̀ yóò mú ọ̀rọ̀ yìí yé wa. Ní ọjọ́ 12, oṣù kẹjọ, ọdún 1989, Samuel Okwaraji ṣubú lórí pápá ìṣeré ńlá ní Sùúrùlérè, níbi tí Nàìjíríà ti ń bá Àǹgólà gbá bọ́ọ̀lù. Ẹni ọdún 25 ni, kò sì dìde mọ́. Àyẹ̀wò tí a ṣe sí òkú rẹ̀ fi hàn pé ọkàn rẹ̀ ti tóbi ju bí ó ti yẹ lọ.

Èkejì ni ti Nwankwo Kanu, balógun ikọ̀ tí ó gba góòlù Òlíńpíìkì fún wa ní 1996. Láìpẹ́ sí i, nígbà tí ẹgbẹ́ Inter Milan ti Ítálì rà á, wọ́n yẹ ara rẹ̀ wò, wọ́n sì rí àléébù lára ìlẹ̀kùn tí ẹ̀jẹ̀ ń gbà jáde kúrò nínú ọkàn. Ẹni ogún ọdún péré ni. Ní oṣù kọkànlá ọdún náà, wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ fún un ní Cleveland, ní Amẹ́ríkà. Ní 1997 ó padà sórí pápá. Ní 1999 ó lọ sí Arsenal, ó sì gbá góòlù mẹ́ta sínú àwọ̀n Chelsea láàárín ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ní oṣù kẹwàá ọdún náà.

Kanu kò jẹ́ kí ọ̀rọ̀ náà parí sí orí ara rẹ̀. Ní ọdún 2000, ó dá Kanu Heart Foundation sílẹ̀ láti ran àwọn ọmọ tí ọkàn ń dùn lọ́wọ́, kí wọ́n lè rí iṣẹ́ abẹ ṣe. Irú iṣẹ́ abẹ bẹ́ẹ̀ kì í ṣe àjèjì ní Nàìjíríà: láti 1974 ni a ti kọ́kọ́ ṣe é ní ilé ìwòsàn Yunifásítì ní Enugu. Owó ni ó ń di ọ̀pọ̀ òbí lọ́wọ́.

Níhìn-ín ni eré sísá ti di ọ̀nà ìrànlọ́wọ́. Níbi eré ọlọ́nà jíjìn ti Lọ́ńdọ́ọ̀nù, tí ó bẹ̀rẹ̀ ní 1981, ọ̀pọ̀ sárésáré a máa kó owó jọ fún ẹgbẹ́ aláàánú. Ìlànà rẹ̀ kò le. Sárésáré yóò sọ fún ẹbí, ọ̀rẹ́ àti ìjọ rẹ̀ pé òun fẹ́ sá eré fún irú ẹgbẹ́ bẹ́ẹ̀. Wọn yóò ṣèlérí owó. Bí ó bá parí, wọn yóò san án. Lára wọn ni àwọn tí ọkàn tiwọn náà ti ṣàìsàn rí, tí wọ́n fẹ́ fi ẹsẹ̀ ara wọn dúpẹ́. Èkó náà ti ní eré tirẹ̀ láti 2016, ọ̀nà kìlómítà 42.

Síbẹ̀, kí ẹnikẹ́ni tí ó ti ṣàìsàn ọkàn má ṣe dìde sáré nítorí ìtàn Kanu. Dókítà ni yóò kọ́kọ́ sọ bí ó bá yẹ. Ìrìn ni a fi ń bẹ̀rẹ̀, díẹ̀díẹ̀, a kì í sì í fi oògùn sílẹ̀ nítorí pé ara ti le. Bí àyà bá ń dunni, tí òòyì ń kọ́ni tàbí tí èémí ń há, kí a dúró lójú ẹsẹ̀, kí a sì wá ìtọ́jú.

Ohun tí a ń bẹ̀bẹ̀ fún nínú ọdún àjọ̀dún yìí kò pọ̀. Ẹ̀yin òbí, bí ọmọ yín bá ń tètè rẹ̀ ju ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ, bí ètè rẹ̀ bá ń dúdú, tàbí tí ó dákú lórí pápá, ẹ má ṣe bá a wí, ẹ má sì ṣe gbé e lọ sọ́dọ̀ aríran. Ẹ gbé e lọ sí ilé ìwòsàn. Àdúrà wa yóò bá a lọ, kò ní gba ipò dókítà. Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ àtijọ́, pàápàá ẹ̀yin tí ẹ jẹ́ dókítà àti nọ́ọ̀sì, ẹ wá gbọ́ bí ọkàn àwọn ọmọ wa ti ń lù kí ọjọ́ ìdíje tó pé, kí ẹ sì wọn ẹ̀jẹ̀ ríru àwọn olùkọ́ àti òbí. Kí àwa tí ara wa le rìn tàbí sáré, kí owó ìlérí wa sì di ti ọmọ tí kò lè sáré.

Pọ́ọ̀lù Àpọ́sítélì kọ́ wa pé ara kan ni wá, ìrora ẹ̀yà kan sì ni ìrora gbogbo ara. Ọmọ tí ó jókòó sí ẹ̀gbẹ́ pápá, ẹ̀yà ara wa ni.