Ẹwìrì Inú Àyà: Eegun, Iṣan àti Ẹ̀dọ̀fóró

Bí a bá dúró nílé àrọ, tí a ń wo ọmọ iṣẹ́ alágbẹ̀dẹ bí ó ti ń fẹ́ná, a óò rí i pé ẹwìrì kì í dá fẹ́ ara rẹ̀. Ọwọ́ tí ó dì í mú ni ó ń là á, ọwọ́ náà ni ó sì ń tẹ̀ ẹ́ dé. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni ẹ̀dọ̀fóró wa rí. Ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé òun fúnra rẹ̀ ni ó ń fa afẹ́fẹ́ sínú, ṣùgbọ́n kò ní agbára bẹ́ẹ̀: eegun ni ilé tí ó ń gbé, iṣan sì ni ọmọ iṣẹ́ tí ń là á.

Ilé náà, alámọ̀ rere tí í mọ ojú tí í mọ imú fara balẹ̀ mọ ọ́n. Eegun ìhà méjìlá wà lọ́tùn-ún, méjìlá wà lósì, gbogbo wọn sì bẹ̀rẹ̀ láti ògóóró ẹ̀yìn. Méje tòkè nawọ́ dé eegun igbá-àyà níwájú. Mẹ́ta tí ó tẹ̀lé wọn fara ti èyí tí ó wà lókè wọn. Méjì ìsàlẹ̀ kò kan ohunkóhun. Eegun 206 ni a ń kà lára àgbàlagbà, ṣùgbọ́n ti ìkókó súnmọ́ 300, nítorí pé púpọ̀ nínú ohun tí yóò di eegun kan ṣoṣo lẹ́yìn ọ̀la ṣì wà lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, òmíràn sì rọ̀ bí etí. Àwọn ìyá wa mọ èyí kí ìwé tó dé: kò sí abiyamọ tí kì í ṣọ́ àwùjẹ̀ ọmọ rẹ̀, ibi rírọ̀ tí ń lù kìkì láàrin orí, tí eegun agbárí kì í sábà pa dé tán títí ọmọ yóò fi tó bí ọdún kan ààbọ̀. Ẹni tí ó bá sì pe eegun ní òkú ohun bí òpó ilé, mùdùnmúdùn inú rẹ̀ ni yóò já irọ́ rẹ̀, nítorí ibẹ̀ ni ara ti ń ṣe ẹ̀jẹ̀.

Ní ti iṣan, ẹnu wa ń dà á pọ̀ mọ́ ọ̀nà ẹ̀jẹ̀. Èyí tí mo ń wí níhìn-ín ni ẹran ara gan-an, tí ń le gandi nígbà tí alágbára bá ká apá kò. Wọ́n ju 600 lọ, kò sì sí ọ̀kan nínú wọn tí ó mọ títì. Fífà nìkan ni wọ́n mọ̀. Nítorí náà ni èyí tí ó wà níwájú apá fi ń fa ìgbọ̀nwọ́ kò, tí ti ẹ̀yìn ń fà á nà, gẹ́gẹ́ bí ọwọ́ ọ̀tún ti ń wẹ òsì, tí òsì ń wẹ ọ̀tún. Baálẹ̀ wọn nínú iṣẹ́ èémí ni iṣan pẹlẹbẹ kan tí ó rí bí igbá tí a dojú rẹ̀ dé, tí ó pààlà láàrin àyà àti ikùn. Bí ó bá sún kì, yóò tẹ́ sísàlẹ̀. Àwọn iṣan àárín ìhà yóò gbé eegun wọn sókè. Àyà yóò gbòòrò, afẹ́fẹ́ yóò sì rọ́ wọlé. Bí wọ́n bá dẹwọ́, ẹ̀dọ̀fóró yóò sún padà bí rọ́bà, afẹ́fẹ́ yóò jáde. Ìgbà 12 sí 20 ni àgbàlagbà tí ó jókòó jẹ́ẹ́ ń ṣe èyí ní ìṣẹ́jú kan, bí ìdajì lítà ni ó sì ń fà wọlé lẹ́ẹ̀kan.

Ìpín mẹ́ta ni ẹ̀dọ̀fóró ọ̀tún ní, òsì ní méjì, nítorí ọkàn ti gba àyè mọ́ ọn lọ́wọ́. Inú wọn dà bí igi tí a dorí rẹ̀ kodò, tí ẹ̀ka rẹ̀ ń tín-ín-rín títí yóò fi parí sí àpò wẹ́wẹ́ tí iye wọn tó ọgọ́rọ̀ọ̀rún mílíọ̀nù. Níbẹ̀ ni ẹ̀jẹ̀ ti ń gba ọ́síjìn, tí ó sì ń da afẹ́fẹ́ tí ó ti lò nù. Ibn al-Nafis, oníṣègùn kan ní Káírò tí ó kú ní 1288, ti kọ ọ́ sílẹ̀ pé ẹ̀jẹ̀ ń gba inú ẹ̀dọ̀fóró kọjá láti apá ọ̀tún ọkàn sí òsì. Ṣùgbọ́n 1661 ni Malpighi ará Ítálì tó fi awò amúǹkan-tóbi rí àwọn ọ̀nà tínínrín tí ẹ̀jẹ̀ ń gbà kọjá nínú ẹ̀dọ̀fóró ọ̀pọ̀lọ́.

Àwọn àpò wẹ́wẹ́ inú ẹ̀dọ̀fóró yìí kan náà ni ikú ń gbà wọlé nígbà ọyẹ́, tí òtútù bá mú kí a gbé ìkòkò èédú wọ yàrá. Afẹ́fẹ́ olóró kan ń jáde lára èédú tí ń jó, tí kò lóòórùn, tí kò láwọ̀. Ẹ̀jẹ̀ sì ń dì í mú ṣinṣin ju ọ́síjìn lọ, títí tí ọ́síjìn kò fi ní rí ibi jókòó mọ́. Ẹ jọ̀wọ́, kí ẹ tó sùn, ẹ gbé ìkòkò èédú náà síta.