Kí Ojú Má Bàa Bá Ọrùn Jà

Ìlú Sokodé, ní ilẹ̀ Tógò, ni mo ti mọ̀ pé iná inú yàrá máa ń purọ́. Mo kun ojú mi lábẹ́ gílóòbù tó pọ́n ràkọ̀ràkọ̀, mo wo dígí, orí mi wú, mo bọ́ síta. Ìyá kan tó ń ta iṣu wò mí lẹ́ẹ̀mejì, ó ní, "Ọmọ mi, ṣé ibi tí wọ́n ti ń lọ èlùbọ́ lo ti ń bọ̀ ni?" Mo rẹ́rìn-ín, àmọ́ mo sáré lọ bá dígí alùpùpù kan létí ọ̀nà. Òótọ́ ni ìyá sọ. Ojú mi rí bí eérú, ọrùn mi dúdú, àfi bíi pé wọ́n yá orí ẹlòmíì gbé lé mi léjìká. Láti ọjọ́ náà, ẹnu ọ̀nà ni mo ti ń kun ojú, ìbáà jẹ́ tèmi tàbí ti oníbàárà.

Ọmọ Kambolé ni mí. Èdè wa níbẹ̀ àti Yorùbá, ọmọ ìyá ni wọ́n. Iṣẹ́ kíkun ojú ìyàwó ló ń gbé mi lọ sí Tchamba àti Sokodé, ibẹ̀ náà ni owó wà. Ṣùgbọ́n ojú tí a ń kùn lójoojúmọ́ ni àwọn èèyàn ń bi mí léèrè jù: ti olùkọ́ tó ń gun alùpùpù lọ síbi iṣẹ́, ti ẹni tó ń ta aṣọ nínú oòrùn láti àárọ̀ dalẹ́. Ojú ìyàwó, wákàtí mélòó kan ló fi ń ṣe fáàrí. Ojú tí a kùn lọ síbi iṣẹ́ ní ọ̀tá púpọ̀ ju ìyẹn lọ.

Ọyẹ́ àti eruku rẹ̀ ni àkọ́kọ́. Láti oṣù Kejìlá sí oṣù Kejì, nígbà tí ọyẹ́ bá dé, awọ ara á máa ya bí ilẹ̀ odò tó gbẹ. Ẹni tó bá kun páńkéèkì lé irú awọ bẹ́ẹ̀, á rí i kó máa bó ní ẹ̀gbẹ́ imú kí ọ̀sán tó pọ́n. Òrí ni oògùn rẹ̀, àmọ́ òrí náà ní òfin. Ìwọ̀n ẹ̀wà kan ti tó. Ẹ fi àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì rà á títí yóò fi yọ́, kí ẹ wá tẹ̀ ẹ́ mọ́ ojú tí omi kò tíì gbẹ tán lára rẹ̀. Ẹ lọ wá nǹkan mìíràn ṣe díẹ̀ kí ẹ tó padà sídìí dígí. Bí òrí bá pọ̀ jù, tí ẹ sì gun alùpùpù, gbogbo ilẹ̀ pupa tó wà lójú ọ̀nà ni yóò wá bá yín gbé.

Lẹ́yìn òrí ló kan ohun tí wọ́n ń pè ní fandéṣọ̀n, tí àwa tí a kọ́ Faransé ń pè ní fọ̀ndètán. Ibẹ̀ ni ìjà ojú àti ọrùn ti ń bẹ̀rẹ̀. Ọ̀pọ̀ èèyàn ń dán an wò lẹ́yìn ọwọ́. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yìn ọwọ́ kọ́ ni ẹ fẹ́ kùn. Ẹ fà á ní ìlà kékeré láti ẹ̀rẹ̀kẹ́ wá sí ọrùn, kí ẹ jáde síta, kí ẹ dúró díẹ̀ kó gbẹ. Èyí tí ojú kò rí mọ́, òun ni tiyín. Nígbà tí Rihanna, akọrin, gbé fandéṣọ̀n Fenty Beauty jáde ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 2017, àwọ̀ 40 ló fi bẹ̀rẹ̀, ariwo sì ta káyé, torí ó ti pẹ́ tí àwa aláwọ̀ dúdú ti ń wá tiwa tì lórí àtẹ. Ní ọjà tiwa, ẹ lè má rí ju àwọ̀ mẹ́ta lọ. Méjì ni mo máa ń rà: ọ̀kan tó dúdú jù mí lọ díẹ̀, ọ̀kan tó pọ́n jù mí lọ díẹ̀. Màá pò wọ́n pọ̀, torí àwọ̀ mi nígbà òjò kì í ṣe àwọ̀ mi nígbà ẹ̀ẹ̀rùn.

Ìka tàbí kànìnkànìn tútù ni kí ẹ fi tẹ̀ ẹ́ mọ́ra. Ẹ má fà á bí ẹni ń kun ògiri. Iwájú orí, imú àti àgbọ̀n nìkan ni páńkéèkì tọ́ sí, torí ibẹ̀ ni òógùn ti ń yọ. Ẹni tó bá ń lo ìbòrí, kó fi ẹ̀gbẹ́ ojú tí aṣọ ń fara kàn sílẹ̀ gedegbe. Mo ti fọ ìbòrí funfun tó pọ̀ tó láti mọ̀ bẹ́ẹ̀.

Sokodé jẹ́ ìlú Mùsùlùmí, ọ̀pọ̀ oníbàárà mi ló ń ṣe àlùwàlá lẹ́ẹ̀mẹta sí mẹ́rin láàárín àárọ̀ àti alẹ́. Omi gbọ́dọ̀ kan awọ ara. Nítorí náà, n kì í fún wọn ní fandéṣọ̀n tí omi kò lè ṣí kúrò. Èyí tó fẹ́lẹ́ ni wọ́n ń kùn. Bí àkókò ìrun Àyílà bá tó, wọ́n á fọ̀ ọ́ dànù, wọ́n á tún ètè àti ojú ṣe ní ìṣẹ́jú márùn-ún. Ìdí nìyẹn tí làálì fi borí ọ̀dà èékánná níbí: ó ń pa èékánná láró ni, kò bò ó mọ́lẹ̀. Àmọ́ ẹ sá fún làálì tó dúdú kirikiri láàárín wákàtí kan. Kẹ́míkà tí wọ́n fi ń pa irun láró ló sábà máa ń wà nínú rẹ̀, ó sì lè bó ọwọ́ èèyàn.

Ti tìróò dùn mí láti sọ, torí ìyá àgbà mi fẹ́ràn rẹ̀. Òkúta dídán tí wọ́n ń lọ̀ fún un nígbà mìíràn, òjé ló wà nínú rẹ̀, òjé sì ń ba ọpọlọ ọmọdé jẹ́. Mo ti fi í sílẹ̀, mo ń lo péńsùlù ojú. Ẹ má fi tìróò sójú ìkókó rárá. Ẹ má sì yá ẹnikẹ́ni ní péńsùlù yín, pàápàá nígbà tí àrùn ojú tí wọ́n ń pè ní àpólò bá ń jà nílùú.

Ìpara tó ń bó ara ńkọ́? Côte d'Ivoire fòfin dè é ní ọdún 2015. Èmi kò dúró de òfin. Ẹni tó bá ní kí n fi fandéṣọ̀n sọ òun di aláwọ̀ pupa, màá fà á lọ sẹ́nu ọ̀nà, màá ní kó fi ojú rẹ̀ wé ọrùn.

Ètè ni mo máa ń kùn kẹ́yìn. Àwọ̀ pupa tó jọ bíríkì tàbí ti obì máa ń bá àwa dúdú mu. Ìka ni kí ẹ fi tẹ̀ ẹ́, kí ẹ fi bébà rírọ̀ gbà á, kí ẹ tún un tẹ̀ lẹ́ẹ̀kan sí i. Kò ní tètè bá àkàrà lọ.

Bí mo bá délé lálẹ́, òrí yìí kan náà ni mo fi ń tú gbogbo rẹ̀ kí n tó fi ọṣẹ sí i. Aṣọ funfun ni mo fi ń nù ún. Ní oṣù ọyẹ́, pupa ilẹ̀ Tchamba tí mo ń bá lára aṣọ náà máa ń pọ̀ ju ohun tí mo kùn lọ.