Bí Wọ́n Bá Gbẹ́sẹ̀ Lé Mọ́tò Yín Nítorí Dírẹ́bà Tó Mutí

Ọ̀pọ̀ oníṣòwò kéékèèké ní agbègbè Àgbádárìgì ló jẹ́ pé orí mọ́tò kan ṣoṣo ni òwò wọn dúró lé. Ẹni tó ń kó àgbọn lọ sí Mile 2, ìyá tó ń kó ẹja láti etí omi lọ sí Agbara, ẹni tó ń já omi inú ọ̀rá fún àwọn ṣọ́ọ̀bù ní Ibereko àti Aradagun, bí mọ́tò yẹn ò bá jáde lónìí, owó ò wọlé nìyẹn. Ìdí nìyí tó fi jẹ́ pé bí wọ́n bá pe irú wọn lórí fóònù láàárọ̀ kùtù pé, "Ẹ̀gbọ́n, wọ́n ti mú dírẹ́bà yín o, wọ́n ní ó mutí, mọ́tò ti wà lọ́wọ́ wọn," mọ́tò ni wọ́n máa ń kọ́kọ́ béèrè kí wọ́n tó rántí dírẹ́bà. A ò bá wọn wí.

Ohun tí ọ̀pọ̀ ń ṣe lẹ́yìn ìyẹn ni pé wọ́n á kó owó sápò, wọ́n á sì forí lé tẹṣan tó bá sún mọ́ wọn jù. Ẹ kọ́kọ́ mú sùúrù. Ẹ béèrè pé ọwọ́ ta ni mọ́tò náà wà gan-an, nítorí pé aṣọ ìjọba tó wà lójú ọ̀nà márosẹ̀ láti Mile 2 títí dé Seme kì í ṣe ẹyọ kan. Ọlọ́pàá wà níbẹ̀, àwọn Road Safety ti ìjọba àpapọ̀ wà níbẹ̀, LASTMA àti àwọn VIO ti ìjọba ìpínlẹ̀ Èkó wà níbẹ̀, àwọn kọ́sítọ́ọ̀mù náà ò sì jìnnà. Ọgbà tí kálukú ń gbé mọ́tò sí yàtọ̀, ìwé tí wọ́n ń fún èèyàn yàtọ̀, ibi tí wọ́n ti ń sanwó sì yàtọ̀. Ẹni tó bá lọ ń bẹ ọlọ́pàá ní Morogbo nítorí mọ́tò tí Road Safety mú, òógùn lásán ló ń là.

Ìwé tí wọ́n fún dírẹ́bà níbi tí wọ́n ti dá a dúró ló máa sọ èyí. Bó bá jẹ́ Road Safety ni, ìwé ẹ̀sùn kan wà tí wọ́n máa ń kọ, tí wọ́n á kọ orúkọ awakọ̀, nọ́ńbà mọ́tò, ẹ̀ṣẹ̀ tó ṣẹ̀ àti iye owó ìtanràn sí. Ẹ ka ẹ̀ṣẹ̀ tí wọ́n kọ síbẹ̀ dáadáa. A ti rí ibi tí dírẹ́bà ti sọ fún ọ̀gá rẹ̀ pé nítorí páálí mọ́tò ni wọ́n ṣe mú òun, tó sì jẹ́ pé ọtí ni wọ́n kọ sínú ìwé. Kò sí dírẹ́bà tó máa fi ẹnu ara rẹ̀ sọ pé òun mu ún yó.

Ẹ jẹ́ ká sọ nípa ọtí náà díẹ̀, torí pé ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ọ̀gá ti ń ṣìnà. Ní Nàìjíríà, òfin ò fàyè gba kí ọtí tó wà nínú ẹ̀jẹ̀ awakọ̀ kọjá ìdajì gíráàmù nínú lítà ẹ̀jẹ̀ kan. Scotland náà sọ tiwọn kalẹ̀ láti 0.8 wá sí 0.5 yìí kan náà lóṣù Kejìlá ọdún 2014. Báwo lèyí ṣe pọ̀ tó? Ìgò bíà ńlá kan, èyí tó jẹ́ 60 sẹ̀ǹtílítà, tí ọtí inú rẹ̀ jẹ́ ìdá 5 nínú 100, gíráàmù ọtí bíi 24 ló wà nínú rẹ̀. Bí ọkùnrin tó wọn kílò 70 bá gbé méjì rẹ̀ mu léraléra, ohun tó wà nínú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ á tó gíráàmù kan nínú lítà, ìlọ́po méjì ohun tí òfin gbà. Ara èèyàn kì í sì yára lé ọtí jáde. Nǹkan bíi 0.15 gíráàmù ló ń kúrò láàárín wákàtí kan, omi tútù, kọfí tàbí epo pupa ò lè mú un yá.

Ẹ wá ṣírò rẹ̀. Dírẹ́bà tó jókòó sí etí òkun lálẹ́ ọjọ́ Àìkú, tó mu ìgò mẹ́rin, tó sùn ní agogo mọ́kànlá, tó sì jí ní agogo márùn-ún láti lọ kó ẹrù, ó ṣì lè ní ìlọ́po méjì ohun tí òfin gbà nínú ẹ̀jẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó ti wẹ̀, ó ti jẹun, ojú rẹ̀ sì mọ́. Bíà là ń sọ o. Ògógóró àti sódàbí tó ń wá láti ìhà Benin le ju bẹ́ẹ̀ lọ fíìfíì, àti paraga tí wọ́n ń tà nínú gáréèjì láti ìdájí. Nítorí náà, bí dírẹ́bà yín bá búra pé òun ò fẹnu kan ọtí láàárọ̀, ó lè jẹ́ òótọ́ ló ń sọ, kí ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń yẹ èémí wò sì tún mú un.

Ẹ padà sórí mọ́tò. Bó bá jẹ́ pé wọ́n kàn dá a dúró ni, tí kò kọlu ẹnikẹ́ni, ọ̀rọ̀ náà ò le púpọ̀. Nínú àtòjọ owó ìtanràn Road Safety ti ọdún 2012, 5,000 náírà ni wọ́n kọ síwájú ẹ̀ṣẹ̀ ọtí, àmì 5 sì ni wọ́n ń kọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ orúkọ awakọ̀. Ẹ bi wọ́n pé èló ni báyìí, kí ẹ tó san án, ẹ sì san án sí báǹkì tàbí sórí íntánẹ́ẹ̀tì níbi tí ìjọba là kalẹ̀. Owó tí ẹ kà sí ọwọ́ èèyàn lábẹ́ igi, tí kò ní rìsíìtì, ìjọba ò mọ̀ nípa rẹ̀. Bí wọ́n bá tún ní kí ẹ san ohun kan náà lọ́la, ẹ ò ní ohun tí ẹ máa fi hàn.

Ohun tí ẹ máa kó lọ́wọ́ ni ìwé mọ́tò tó ní orúkọ yín, láísẹ́ǹsì mọ́tò, ìwé adójútòfò, ìwé ẹ̀rí pé mọ́tò yẹ lójú títì, káàdì ìdánimọ̀ yín, ìwé ẹ̀sùn àti rìsíìtì. Ẹ mú dírẹ́bà mìíràn tó ní ìwé àṣẹ tó péye dání, torí pé wọn ò ní fi mọ́tò lé ẹni tí wọ́n mú fún ọtí lọ́wọ́ kó wà á lọ. Ẹni tó gba mọ́tò lọ́wọ́ onímọ́tò lórí àdéhùn pé òun á máa san owó díẹ̀díẹ̀, tí ìwé ṣì wà lórúkọ ẹni àkọ́kọ́, kó lọ pe ẹni yẹn wá tàbí kó gba ìwé àṣẹ lọ́wọ́ rẹ̀. Ibí yìí ni mọ́tò ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń pẹ́ jù.

Ọ̀ràn kan tún wà tó jẹ́ ti àwa ará etí bodè. Láti ọjọ́ kìíní oṣù Kìíní ọdún 2017 ni ìjọba àpapọ̀ ti fòfin de kíkó mọ́tò wọlé láti orí ilẹ̀. Bí mọ́tò tí wọ́n mú nítorí ọtí bá jẹ́ èyí tó gba Seme wọlé lẹ́yìn ìgbà náà, tí kò ní ìwé owó kọ́sítọ́ọ̀mù, ọ̀rọ̀ ọtí á di kékeré, torí pé wọ́n lè fa mọ́tò náà lé àwọn kọ́sítọ́ọ̀mù lọ́wọ́. Kí ẹ tó lọ dúró níwájú wọn, ẹ ti mọ irú ìwé tí mọ́tò yín ní.

Bó bá jẹ́ pé ìjàǹbá ṣẹlẹ̀, ọ̀nà yàtọ̀. Ọlọ́pàá ló máa gba ẹjọ́ náà, mọ́tò á sì di ẹ̀rí. VIO gbọ́dọ̀ yẹ̀ ẹ́ wò kí wọ́n lè kọ̀wé pé bóyá búréèkì ló kọ̀ tàbí awakọ̀ ló jẹ̀bi, kò sì sí ọ̀gá tẹṣan tó máa gbà kí mọ́tò kúrò nílẹ̀ ṣáájú èyí. Ẹ béèrè ọjọ́ tí VIO máa wá, ẹ sì máa tẹ̀lé e. Lẹ́yìn àyẹ̀wò, ẹ kọ̀wé, tàbí kí lọ́yà bá yín kọ ọ́, pé kí wọ́n fi mọ́tò sílẹ̀ fún yín pẹ̀lú àdéhùn pé ẹ máa gbé e wá nígbà tí kóòtù bá fẹ́ rí i. Òfin ìjọba àpapọ̀ ti ọdún 2015 lórí ẹjọ́ ọ̀daràn fàyè gba oní-nǹkan láti béèrè fún èyí kí wọ́n tó gbé ẹni tí wọ́n mú dé kóòtù, ó sì ní kí ọlọ́pàá kọ àkọsílẹ̀ gbogbo nǹkan tí wọ́n gbà lọ́wọ́ rẹ̀. Bí wọ́n bá kọ̀, kóòtù lè pàṣẹ.

Ní ti dírẹ́bà fúnra rẹ̀, béèlì ò gbọdọ̀ gba kọ́bọ̀. Ìwé òfin ilẹ̀ wa ti 1999 sì sọ pé bí kóòtù bá wà láàárín 40 kìlómítà sí ibi tí wọ́n ti mú èèyàn, ọjọ́ kan péré ni wọ́n ní láti gbé e débẹ̀. Kóòtù májísíréètì wà ní Àgbádárìgì. Bí dírẹ́bà bá sì sá lọ, wọn ò ní ẹ̀tọ́ láti ti ìyàwó rẹ̀ tàbí àbúrò rẹ̀ mọ́lé dípò rẹ̀.

Èyí tó ń ba oníṣòwò lẹ́rù jù ni pé kí ìjọba gba mọ́tò pátápátá. Ọtí nìkan kì í sábà fa èyí. Ohun tó ń fà á ní Èkó ni pé kí ẹni tó ti mu ún yó kọrí sí ojú ọ̀nà tí kì í ṣe tirẹ̀, torí pé kóòtù lè sọ mọ́tò tó gba ojú ọ̀nà òdì di ti ìjọba, wọ́n á sì tà á ní gbàǹjo. Lóṣù Kìíní ọdún 2022, fídíò ọkùnrin kan tó ń sunkún níbi tí wọ́n ti ń ta mọ́tò tirẹ̀ ní gbàǹjo l'Ékòó tàn káàkiri ilẹ̀ yìí. Ẹ fi sọ́kàn pé kóòtù nìkan ló lè gba mọ́tò báyẹn, nítorí náà, ẹ má jẹ́ kí ọjọ́ ẹjọ́ kọjá láìyọjú. Ẹni tí kò wá, kò sí ẹni tó máa bá a sọ̀rọ̀.

Àwọn kan á bi wá pé ṣé kóòtù ò ti sọ pé Road Safety ò lẹ́tọ̀ọ́ láti gba owó ìtanràn ni? Òótọ́ ni pé lóṣù Kẹsàn-án ọdún 2014, Adájọ́ James Tsoho ti ilé ẹjọ́ gíga ìjọba àpapọ̀ l'Ékòó sọ pé àjọ náà kì í ṣe kóòtù, kò sì lè dá ẹni lẹ́bi kó tún bu owó ìtanràn lé e. Ní ọjọ́ kejì oṣù Kẹwàá ọdún 2024, Adájọ́ Evelyn Maha sọ ohun tó jọ ọ́ nípa àwọn VIO, àmọ́ ti Abuja nìyẹn, kì í ṣe ti Èkó. Lójú tiwa, ìwé ẹjọ́ kì í tú mọ́tò sílẹ̀ lójú títì. Bí ẹ bá gbà pé dírẹ́bà yín ò mutí, ẹ má sanwó, ẹ sọ pé kóòtù lẹ fẹ́. Ṣùgbọ́n kí ẹ ti ṣírò iye ọjọ́ tí ọjà yín fi máa wà nílẹ̀.

Nípa ìbínú sí dírẹ́bà, a mọ̀ pé ọ̀pọ̀ á fẹ́ yọ gbogbo owó náà nínú owó oṣù rẹ̀. Òfin òṣìṣẹ́ ò gbà bẹ́ẹ̀. Kí ọ̀gá tó yọ owó ohun tí òṣìṣẹ́ bàjẹ́, ó gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ gba ìwé àṣẹ lọ́wọ́ òṣìṣẹ́ ìjọba tó ń rí sí ọ̀rọ̀ iṣẹ́, ohun tó sì máa yọ lóṣù kan kò gbọ́dọ̀ ju ìdá kan nínú mẹ́ta lọ. Ìwé adójútòfò náà ò lè ran yín lọ́wọ́ tó bí ẹ ti rò. Èyí tó kéré jù, tí wọ́n sọ di 15,000 náírà fún mọ́tò àdáni láti oṣù Kìíní ọdún 2023, ohun ìní ẹlòmíràn tí ẹ bà jẹ́ ló wà fún, ó sì mọ sí mílíọ̀nù mẹ́ta náírà. Èyí tó ń tún mọ́tò tiyín ṣe sábà máa ń yọ awakọ̀ tó mutí sílẹ̀. Ẹ ka ìwé yín.

Bí ọjọ́ tí ẹ máa gba mọ́tò bá pé, ẹ lọ lójú ọ̀sán, kí ẹ sì mú mẹkáníìkì yín lọ. Ẹ ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì, ẹ wo bátìrì, ẹ ka táyà títí kan èyí tó wà lẹ́yìn, ẹ wo ẹrù tó wà nínú rẹ̀ pẹ̀lú àkọsílẹ̀ tí wọ́n ṣe lọ́jọ́ tí wọ́n gbé e wọlé. Bí ẹrù náà bá jẹ́ ẹja tàbí nǹkan tó lè bàjẹ́, ẹ ò gbọ́dọ̀ dúró dọjọ́ yìí; ọjọ́ àkọ́kọ́ ni kí ẹ ti béèrè láti já a, kí wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀. Bí ohun kan bá dín, ẹ ní kí wọ́n kọ ọ́ síwájú yín kí ẹ tó fọwọ́ sí ìwé pé ẹ ti gba mọ́tò.