Bébà Kíká: Iṣẹ́ Ọwọ́ Tí Kì Í Gbówó, Tó Ń Múnú Ẹni Dùn

Ẹni tó bá ń ná ọjà Bódìjà tàbí Dùgbẹ̀ n'Ìbàdàn yóò ti rí àwọn ìyá tó ń ta ẹ̀pà rí. Bí oníbàárà bá dé, ìyá yóò fa ojú-ewé ìwé ìròyìn àtijọ́ kan yọ, yóò ká a bí àrọ, yóò ṣẹ́ ìdí rẹ̀ po, yóò sì bu ẹ̀pà sí i. Kò lo gọ́ọ̀mù, kò lo àlùmọ́gàjí, síbẹ̀ ẹyọ ẹ̀pà kan kò ní í jábọ́. Bẹ́ẹ̀ náà ni wọ́n ṣe ń ṣẹ́ ewé eéran tí wọ́n fi ń pọ́n mọ́ínmọ́ín. Irú iṣẹ́ tí a kò kà sí yìí ni àwọn ará Jàpáànù sọ di iṣẹ́ ọnà tí gbogbo ayé ń bọ̀wọ̀ fún. Origami ni wọ́n ń pè é, ìtumọ̀ rẹ̀ kò sì ju bébà kíká lọ.

Ẹni tí òkìkí rẹ̀ kàn jù nídìí iṣẹ́ náà ni Akira Yoshizawa, tí wọ́n bí lọ́dún 1911. Òṣìṣẹ́ ilé-iṣẹ́ ẹ̀rọ ni, bébà ló sì ń ká láti fi la jọ́mẹ́tírì yé àwọn ọ̀dọ́ tó wà lábẹ́ rẹ̀. Nígbà tó yá, ó ṣètò àmì ìlà àti ọfà tí ẹnikẹ́ni lè tẹ̀ lé, bí kò tilẹ̀ gbọ́ èdè Jàpáànù. Ó kú lọ́dún 2005, lọ́jọ́ tó pé ẹni ọdún 94. Kó tó dìgbà tirẹ̀ ni Friedrich Froebel, tó dá ilé-ẹ̀kọ́ jẹ́lé-ó-sinmi sílẹ̀ ní Jámánì lọ́dún 1837, ti fi bébà kíká kún ohun tí àwọn ọmọdé ń ṣe.

Ẹ jẹ́ ká gbìyànjú ọkọ̀ ojú omi wò. Ẹ mú ojú-ewé ìwé ìròyìn àná, ẹ ṣẹ́ ẹ sí méjì, kí ibi tó ṣẹ́ wà lókè. Ẹ mú igun òkè méjèèjì wá sí àárín, yóò dà bí òrùlé. Etí bébà tó ṣẹ́ kù nísàlẹ̀, ẹ ṣẹ́ ọ̀kan sókè níwájú, èkejì sókè lẹ́yìn: ó ti di fìlà. Ẹ ti àtàǹpàkò bọ inú fìlà náà, ẹ là á, kí ẹ sì tẹ́ ẹ pẹrẹsẹ lọ́nà kejì, yóò di onígun mẹ́rin. Ẹ ṣẹ́ igun ìsàlẹ̀ rẹ̀ sókè, níwájú àti lẹ́yìn. Ẹ tún là á, kí ẹ tẹ́ ẹ bíi tàkọ́kọ́. Wàyí o, ẹ di ṣóńṣó òkè méjèèjì mú, ẹ fà á sọ́tùn-ún sósì pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. Ọkọ̀ dé!

Ìṣirò wà nínú eré yìí. Igun tí ẹ mú wá sí àárín jẹ́ ìwọ̀n 90, ìlà ibi tí ẹ ti ṣẹ́ ẹ sì wà ní ìwọ̀n 45 sí etí bébà. Bébà tí a ṣẹ́ sí méjì lẹ́ẹ̀mẹta yóò pín sọ́nà mẹ́jọ. Ọmọ tí ìdá kan nínú mẹ́jọ ń dẹ́rù bà lójú pátákó yóò fi ọwọ́ ara rẹ̀ kà á. Àwọn onímọ̀ ńlá pàápàá kò fojú tín-ín-rín rẹ̀: ọ̀nà ìṣẹ́po kan tí ọ̀jọ̀gbọ́n ará Jàpáànù, Koryo Miura, ṣe àwárí rẹ̀ ni wọ́n lò lọ́dún 1995 láti ká pátákó tó ń gba agbára oòrùn, kó tó tẹ́ ara rẹ̀ sílẹ̀ lójú òfuurufú.

Ṣùgbọ́n àwòkọ́ ni iṣẹ́ yìí, láti ọwọ́ bọ́ sí ọwọ́ ni. Ọ̀rá náílọ́ọ̀nù ti ń gba ipò bébà lọ́wọ́ ẹlẹ́pàá, ó sì ń gba ipò ewé lọ́wọ́ onímọ́ínmọ́ín. Bí àwa tí a mọ̀ ọ́n kò bá fi han ọmọ, ọ̀dọ̀ wa ni yóò parí sí. Ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, t'àgbàlagbà kò wọ kèrègbè: àgbà ló mọ ibi tí a ó ti ṣẹ́ ẹ, ìka wẹ́wẹ́ ọmọdé ló ń wọ inú ìṣẹ́po. Bí ọkọ̀ ọmọ yín bá wá léfòó lójú àgbàrá lọ́jọ́ òjò, ẹ ní kó lọ kọ́ ọmọ ará ilé kejì. Ibẹ̀ ni adùn rẹ̀ wà.