Ẹ̀rọ Tí Ń Ronú Dé Wáàfù Àpápá: Iṣẹ́ Wo Ni Kí A Fi Ọmọbìnrin Wa Sí?

Ọ̀pọ̀ nínú yín ní Àpápá àti Ajégúnlẹ̀ ni ó ní ọmọbìnrin tí ó ń parí ilé-ẹ̀kọ́ girama, tí ẹ sì ti pinnu lọ́kàn pé yóò di akọ̀wé ní ọ́fíìsì àwọn tí ń gba ẹrù jáde ní wáàfù. Iṣẹ́ abẹ́ fáànù ni, òjò kì í pa á, ọmọ yóò sì lè fi ìbòrí rẹ̀ borí wọ́ọ́rọ́wọ́. Ṣùgbọ́n irú iṣẹ́ yìí gan-an ni ẹ̀rọ tuntun kan kọ́kọ́ ń nawọ́ sí.

Àwọn ọ̀mọ̀wé ń pè é ní ọgbọ́n àtọwọ́dá. Kọ̀ǹpútà ni, tí wọ́n ti fi ìwé àti àwòrán tí kò níye kọ́, títí ó fi lè ka ìwé ẹrù, kí ó kọ lẹ́tà, kí ó ṣírò owó, kí ó sì dáni lóhùn bí ẹni pé ènìyàn ni. Láti oṣù kọkànlá ọdún 2022, tí wọ́n gbé ChatGPT jáde ní Amẹ́ríkà, ni ó ti di ohun tí ọmọdé ń lò lórí fóònù. Kò ní ọkàn, kò sì bẹ̀rù Ọlọ́run. Bí ó bá purọ́, kò mọ̀ pé irọ́ ni òun pa.

Ẹ má rò pé ìgbà àkọ́kọ́ nìyí tí ẹ̀rọ yóò gba iṣẹ́ lọ́wọ́ ará Àpápá. Láàárín ọdún 1921 sí 1926 ni wọ́n kọ́ èbúté àkọ́kọ́ níbẹ̀ tí ọkọ̀ ńlá fi lè sún mọ́ ilẹ̀. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, orí àti èjìká ọkùnrin ni ẹrù ń gbà kọjá: àpò kòkó ń lọ, àpò sìmẹ́ǹtì ń bọ̀. Lébìrà á gbé e, akọ̀wé á kà á, ìyá olóúnjẹ á sì dúró lẹ́nu géètì pẹ̀lú ìkòkò ìrẹsì àti ẹ̀wà tí yóò bọ́ àwọn méjèèjì. Ní oṣù kẹrin ọdún 1956, ọkọ̀ kan tí ń jẹ́ Ideal X kó àpótí irin 58 láti Newark lọ sí Houston ní Amẹ́ríkà. Kọ̀ńténà tí a mọ̀ lónìí nìyẹn. Nígbà tí ó dé ọ̀dọ̀ wa, ohun tí ọ̀pọ̀ lébìrà ń fi odidi ọjọ́ rù, ọkùnrin kan ṣoṣo ni ó ń jókòó sínú ẹ̀rọ gbé e. Ní ọdún 2006, Ìjọba Àpapọ̀ fa ibi ìkẹ́rù-sí lé àwọn ilé-iṣẹ́ aládàáni lọ́wọ́, APM Terminals sì gba ti kọ̀ńténà ní Àpápá. Ọ̀pọ̀ òṣìṣẹ́ èbúté ni ó bọ́ síta. Ẹrù kò torí bẹ́ẹ̀ dín kù, owó orí rẹ̀ kò sì yé wọlé fún ìjọba. Ọwọ́ tí ń ṣiṣẹ́ ni ó kéré. Nítorí náà, bí ẹ bá gbọ́ lórí rédíò pé ọrọ̀ ajé ń dàgbà, ẹ máa bèèrè pé nínú ilé ta ni ó ti ń dàgbà.

Ẹ tún rántí Ètò. Kí ó tó dé, tírélà ń sun orí afárá àti òpópó Òṣòdì sí Àpápá fún ọ̀sẹ̀ púpọ̀. Ní ọjọ́ 27 oṣù kejì ọdún 2021, àjọ tí ń bójú tó èbúté gbogbo ní Nàìjíríà ní kí olówó ọkọ̀ máa fi fóònù gba àyè, kí ọkọ̀ rẹ̀ sì dúró sí gáréèjì títí wọn yóò fi pè é. Òótọ́ ni pé àwọn awakọ̀ ṣì ń pariwo pé wọ́n ń gba rìbá lọ́wọ́ àwọn lójú ọ̀nà. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ tí ọ̀nà bá là, òṣìṣẹ́ Àpápá á délé kí Mọ̀gáríbì tó wọlé, ìyá tí ń ta oúnjẹ fún awakọ̀ tí kò ríbi lọ á sì gbé ìkòkò rẹ̀ padà sílé pẹ̀lú oúnjẹ nínú. Ètò kì í ṣe ẹ̀rọ tí ń ronú, àmọ́ ọ̀nà kan náà ni wọ́n jọ ń tọ̀.

Ní oṣù kìíní ọdún 2024, àjọ owó àgbáyé, IMF, sọ pé nínú iṣẹ́ 100 láyé, bí 40 ni ọgbọ́n àtọwọ́dá yóò fọwọ́ kàn, kì í ṣe pé gbogbo rẹ̀ ni yóò gbà. Àjọ òṣìṣẹ́ àgbáyé, ILO, ti sọ ṣáájú ní 2023 pé iṣẹ́ akọ̀wé ni ó wà nínú ewu jù, àti pé ewu ti obìnrin ju ìlọ́po méjì ti ọkùnrin lọ. Àwọn òṣìṣẹ́ èbúté Amẹ́ríkà kò dúró kí ó dé bá wọn: ní oṣù kẹwàá 2024, bí 45,000 wọn daṣẹ́ sílẹ̀ fún ọjọ́ mẹ́ta nítorí owó oṣù àti nítorí ẹ̀rọ.

Kí ni kí ọmọ wá kọ́? Ẹ wo Ìyá wa Àdíjátù. Oníṣòwò ńlá ni, ẹrù rẹ̀ ń lọ títí dé ilẹ̀ Ṣáámù. Nígbà tí ó wá ẹni tí yóò fi ẹrù lé lọ́wọ́, àmánà ni ó wò mọ́ Ànábì wa lára kí ó tó rán an. Ẹ̀rọ lè ka ìwé kọ̀ńténà, ṣùgbọ́n kò lè búra níwájú adájọ́ pé ohun tó wà nínú rẹ̀ nìyí. Èmi yóò fi ọmọ mi sí iṣẹ́ tí yóò ti máa dáhùn fún nǹkan: kí ó mọ òfin àwọn aṣọ́bodè débi tí yóò fi mú àṣìṣe ẹ̀rọ, tàbí kí ó kọ́ títún kọ̀ńténà oníyìnyín ṣe. Mo mọ̀ pé àwọn kan yóò ní iṣẹ́ ọkùnrin ni. Ẹ jẹ́ kí wọ́n máa wí.

Ìjọba náà kò sùn. Láti 2023 ni iléeṣẹ́ Mínísítà Bọ́sún Tìjání ti bẹ̀rẹ̀ ètò láti kọ́ mílíọ̀nù mẹ́ta ènìyàn ní iṣẹ́ kọ̀ǹpútà, wọ́n sì gbé àbá ìlànà ọgbọ́n àtọwọ́dá jáde ní oṣù kẹjọ 2024. Ẹ̀kọ́ náà lọ́fẹ̀ẹ́ ni. Iná mànàmáná tí a fi ń kọ́ ọ ní Ajégúnlẹ̀ ni kì í ṣe ọ̀fẹ́.

Ohun kan wà tí ọ̀pọ̀ kò mọ̀. Bí ilé-iṣẹ́ kan bá jẹ́ kí ẹ̀rọ nìkan ka ìwé ìwáṣẹ́ ọmọ yín, tí ẹ̀rọ sì já a sílẹ̀, òfin tí ń dáàbò bo ọ̀rọ̀ ìkọ̀kọ̀ ẹni, tí wọ́n ṣe ní ọdún 2023, kò fi yín sílẹ̀. Ibì kan wà tí òfin gba ẹ̀rọ láyè, ṣùgbọ́n níbẹ̀ pàápàá ẹ lẹ́tọ̀ọ́ láti ní kí ènìyàn ẹlẹ́ran ara tún un wò. Apá 37 ni. Ẹ kọ ọ́ sínú ìwé kékeré tí ẹ ń kọ gbèsè ọjà sí.